Ẹnjiníà Ojúlé Kejì

Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ẹnjiníà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè sọ pàtó ohun tó ń tún ṣe. Kì í gbé àpótí irinṣẹ́. Gíríìsì kì í wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojúlé kejì sí tiwa ló ń gbé ní Ọbáńtoko, ní Abẹ́òkúta, fèrèsé yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ sì kọjú sí ọgbà wa, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, èjìká rẹ̀ òsì rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun ní ojú kan ṣoṣo lábẹ́ ètè. Bó bá ń ka iṣẹ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ a máa mì, kò sì ní í mọ̀. Bí nǹkan bá ta kókó, á bọ́ awò ojú rẹ̀, á fi etí aṣọ nù ún, á tún wọ̀ ọ́, á wá fọwọ́ lẹ́rán. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á rò pé ó jókòó lásán ni.

Kóòdù ló ń kọ, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ilé iṣẹ́ tó gbà á wà ní Amẹ́ríkà, wọn kò ní ọ́fíìsì kankan ní Nàìjíríà, òun àti ọ̀gá rẹ̀ kò sì tíì fojú kan ara wọn rí àfi nínú fídíò. Ètò tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn ni wọ́n ń ṣe. Alábàtà ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988. Nítorí orúkọ ilé ìwé yẹn, àwọn kan nínú ẹbí ìyá rẹ̀ ṣì ń bi í léèrè títí dòní ohun tí àwọn lè ṣe kí ẹ̀gẹ́ àwọn lè ta dáadáa. A máa dá wọn lóhùn. Á lọ wádìí rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóru, á pè wọ́n padà láàárọ̀, á sì ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lú sùúrù. Mo ti gbọ́ ọ nígbà tó ń ṣe é.

Nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń gbọ́ ẹ̀rọ omi rẹ̀ tó ń fa omi sí tánkì. Lẹ́yìn náà ni ilé wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dún díẹ̀díẹ̀: ìkòkò, gálọ́ọ̀nù, ohùn ọmọ tí kò fẹ́ dìde. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, obìnrin ni àgbà. Ìyàwó rẹ̀ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, kì í sì í dúró kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó jáde, nítorí òwúrọ̀ ni àwọn aláró ń kó aṣọ tó ti gbẹ wá. Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá fọwọ́ kan aṣọ, á sọ fún ọ bóyá oníko ni, èyí tí wọ́n fi ìko so kó tó wọ aró, tàbí ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ yàwòrán sí, tàbí alábẹ́là tí wọ́n da ìda àbẹ́là sí. Á tún sọ èyí tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ ní Ṣáínà, tí wọ́n kó wá sọ́jà láti fi pa àwọn aláró Ẹ̀gbá láyò. Inú rẹ̀ kì í dùn bó bá ń sọ ti ìkẹyìn yẹn.

Ọkọ rẹ̀ ló ń múra àwọn ọmọ. Ó ń lọ aṣọ ilé ìwé, ó ń wá ìbọ̀sẹ̀ tó sọnù, ó ń fi òróró pa ẹsẹ̀ àbúrò nígbà tí ìyẹn ń jà fitafita. Àwọn ìyá àgbà kan ní àdúgbò ti bi mí bóyá ọkùnrin yìí níṣẹ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá rí i ní agogo méje tó di ọmọ méjì mú lọ́wọ́, tó ń dúró de kẹ̀kẹ́ Márúwá ní oríta, àánú rẹ̀ á ṣe wọ́n. Èmi kò rí ohun àánú níbẹ̀. Mo ti rí baba púpọ̀ tí kò mọ orúkọ olùkọ́ ọmọ rẹ̀. Eléyìí mọ orúkọ ọmọ tó jí péńsù ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó sì mọ ìdí tó fi jí i.

Bí wọ́n bá ti lọ, iṣẹ́ tó ń mówó wálé á bẹ̀rẹ̀, iná sì ni orí rẹ̀. Nígbà kan, jẹnẹrétọ̀ ló ń lò. Ní May 29, 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinúbú, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kí ọ̀sẹ̀ yẹn sì tó parí, epo tí a ń rà ní ohun tí kò tó 200 náírà fún lítà kan ti kọjá 480. Ẹnjiníà ta ọkọ̀ rẹ̀. Ó fi owó rẹ̀ ra pánẹ́ẹ̀lì sólà àti bátìrì. Ọkọ̀ yẹn dára, kò sì tíì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ní orí rẹ̀ kò pé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ láti inú yàrá kò nílò ọkọ̀ tó bí ó ṣe nílò iná, ó sì ti fẹsẹ̀ rìn mọ gbogbo ọ̀nà ẹ̀bùrú tó wà láàárín Ọbáńtoko àti Àdàtán. Ní July, tí òjò bá ṣú fún odindi ọ̀sẹ̀, tí bátìrì kò kún, mo máa ń rí i lẹ́yìnkùlé tó ń wojú ọ̀run bíi ti àgbẹ̀.

Ìpàdé ojoojúmọ́ wọn ni ohun tí mo fi ń mọ aago. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ní New York ni wọ́n fi í sí. Láti March títí wọ November, aago mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tiwa. Tí November bá dé, àwọn ará Amẹ́ríkà á fa aago wọn sẹ́yìn ní wákàtí kan, àwa kì í fa tiwa, ìpàdé á sì di aago mẹ́rin. Lójú ẹni tí kò gbé inú rẹ̀, wákàtí kan kò jẹ́ nǹkan kan. Ní aago mẹ́ta, àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ìwé, oúnjẹ wà lẹ́nu wọn, ilé sì dákẹ́. Nígbà tí aago mẹ́rin bá fi lù, wọ́n ti yó, wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, ladani ń pe ìrun àsárì ní mọ́ṣáláṣí, wẹ́dà tó ń ṣe géètì ní ìkọjá ọ̀nà sì ti tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, inú yàrá ibùsùn ló máa ń sá lọ, tí yóò ta aṣọ ìbora bo ilẹ̀kùn kí ariwo má bàa wọlé. Ohun mẹ́ta ni kálukú wọn ń sọ níbi ìpàdé náà: ohun tó ṣe lánàá, ohun tó fẹ́ ṣe lónìí, àti ohun tó dí i lọ́wọ́.

Kò fẹ́ràn láti gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá gbé kọ̀ǹpútà sẹ́yìn ní ìlú yìí, ọmọ Yahoo, ìyẹn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni àwọn èèyàn á kọ́kọ́ kà á sí. Àwọn ọ̀dọ́ tó jáde sójú títì jákèjádò Nàìjíríà ní October 2020 láti ní kí wọ́n tú ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS ká, púpọ̀ nínú wọn ló mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n dá èèyàn dúró nítorí fóònù àti kọ̀ǹpútà tó ní lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fi gbà á ti ń bẹ nínú báàgì rẹ̀, nínú ọ̀rá. Mo bi í rí bóyá ó ti lò ó. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀, sà.”

Bàbá rẹ̀ ni kò ṣiyèméjì rí nípa iṣẹ́ yìí. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá náà, ní Láfẹ́nwá, ọmọ Ìkijà ni, ní ìsàlẹ̀ Olúmọ. Ó ní bí òun ṣe ń jókòó ti ẹ̀rọ tẹlifóònù nínú ọ́fíìsì stéṣọ̀n kékeré, tí òun ń sọ fún ọkọ̀ kan pé kó dúró kí èkejì kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ òun ṣe jókòó. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kì í rí òun. Wọ́n kàn ń délé láyọ̀ ni. Ní 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí stéṣọ̀n Láderin, èyí tí wọ́n fi sọrí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ dé Èkó, wọ́n sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ rẹ̀ ní bàbá náà kò wo igbó tàbí ìlú tí wọ́n ń kọjá. Etí ló fi ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ irin.

Bọ́ọ̀lù ni ohun kejì tó pa wọ́n pọ̀. Ní ayé bàbá náà, Abiola Babes ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Abẹ́òkúta, Olóyè MKO Abíọ́lá ló ń náwó lé e lórí, wọ́n sì gba ife Challenge Cup ti gbogbo Nàìjíríà ní 1985, wọ́n tún gbà á ní 1987. Ọdún 1987 ni wọ́n bí Ẹnjiníà. Bàbá rẹ̀ kì í sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún àlejò, á ní, “Ife kejì ni eléyìí.” Ẹgbẹ́ náà ti tú ká tipẹ́tipẹ́, Olóyè fúnra rẹ̀ sì kú ní July 1998, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ló wà lára pápá ìṣeré Kútọ̀, ibẹ̀ sì ni bàbá àti ọmọ máa ń lọ ní ọ̀sán Àìkú láti wo ẹgbẹ́ Gateway, ì báà jẹ́ ìdíje ńlá, ì báà jẹ́ ìdíje kékeré. Bàbá náà kì í pariwo ní pápá. Tí agbábọ́ọ̀lù bá ṣe dáadáa, á fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ lu símẹ́ńtì lẹ́ẹ̀kan.

Ní òpin February 2024 ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀ nílé ní Ìkijà. Ọmọ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Bó bá jókòó tì í lójú ọjọ́, kọ̀ǹpútà á wà lórí itan rẹ̀, bàbá á máa wò ó, òun á máa wo kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, ní March 14, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, ní etíkun Côte d'Ivoire. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló fara gbá a. Ní Nàìjíríà, báńkì kò lè ṣe iṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ, ọ̀pọ̀ fóònù kò rí nǹkan kan ṣí. Wọ́n ní abẹ́ òkun fúnra rẹ̀ ló yẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ wọn rọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń sáré káàkiri láti wá ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́. Òun náà sáré lọ́jọ́ kìíní, dé Òkè-Mosàn, dé Pańṣẹ́kẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì lọ jókòó ti bàbá rẹ̀.

Ó sọ fún mi pé àwọn ọjọ́ díẹ̀ yẹn ni òun rí gbà. Kò sí ìpàdé aago mẹ́ta. Kò sí ẹni tó lè pe òun. Ó fá irùngbọ̀n bàbá rẹ̀, ó gé èékánná rẹ̀, ó ń bi í ní orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù 1985 lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹnu ilé dé iwájú, bàbá náà á dáhùn, á tún gbàgbé, á tún bẹ̀rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì padà díẹ̀díẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, bàbá náà kú.

Nígbà tó wọ ìpàdé lẹ́yìn ikú náà, tó dé orí ohun kẹta, ohun tó dí i lọ́wọ́, ó ní, “Bàbá mi ló kú.” Gbogbo wọn dákẹ́ nínú fídíò. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá rẹ̀ bá a kẹ́dùn dáadáa, ó sì ní kó lọ sinmi fún ọjọ́ márùn-ún, nítorí iye tí ìwé òfin wọn fi sílẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún! Ní Ẹ̀gbá, ọjọ́ márùn-ún kò tó fún ìpàdé ẹbí tí wọ́n fi ń mú ọjọ́ ìsìnkú. Owó ilé ìjọ wà níbẹ̀, aṣọ ẹbí wà níbẹ̀, ìbòòji, àga, màlúù, ẹ̀gbọ́n bàbá tó wà ní Òdèdá tí kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹfà. Ó ń kọ kóòdù lọ́sàn-án, ó ń ṣètò òkú lálẹ́. Mi ò rí i kó sunkún. Mo kàn rí i pé kì í nu awò ojú rẹ̀ mọ́ bí nǹkan bá ta kókó. Á bọ́ ọ, á gbé e kalẹ̀, á wá jókòó bẹ́ẹ̀ láìríran, fún ìgbà pípẹ́.

Pátákó ìkéde òkú ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: àwòrán olóògbé, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà, ọjọ́ orí, ètò ìsìnkú, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti Ìkijà dé Sápọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, gbogbo àmì ìsàlẹ̀ ti ṣubú kúrò lára orúkọ bàbá náà. Ní ojú kan, níbi tó yẹ kí lẹ́tà ẹ tó ní àmì ohùn lórí wà, àpótí kékeré òfìfo ló wà níbẹ̀. Atẹ̀wé ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Ẹbí ní kò sí nǹkan, gbogbo èèyàn mọ bàbá. Wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, nínú ìlú tí Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859 kí àwọn Ẹ̀gbá lè ka èdè ara wọn. Ọkàn mi bàjẹ́ nígbà tí mo rí i. Ti ọmọ rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òun mọ ohun tó wà nínú àpótí òfìfo yẹn.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lórí àga onípákó níwájú ilé wa. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Unicode ló ń pín in fún gbogbo èdè ayé. Lẹ́tà ẹ wa ní tirẹ̀, 1EB9. Lẹ́tà ọ ní tirẹ̀, 1ECD. Àárín àwọn lẹ́tà èdè Vietnam ni méjèèjì wà, nítorí àwọn náà ń fi àmì sí abẹ́ e àti o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ni wọ́n fi ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ẹ́, tó ní àmì nísàlẹ̀ tó tún ní lókè, kò ní nọ́ńbà kankan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Àfi kí a tò ó jọ. Ẹnì kan lè kọ́kọ́ mú ẹ kó wá fi àmì ohùn lé e, ẹlòmíràn lè mú é kó wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, ẹ̀kẹta lè mú e lásán kó fi méjèèjì lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú kọ̀ǹpútà tí wọn kò bá kìlọ̀ fún, orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá pátákó ara ògiri. Obìnrin Yorùbá kan lè dé ilé ìwòsàn kan ní Houston tàbí Baltimore, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà kan, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oògùn kan kò bá a lára mu. Lọ́dún kejì, kí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn mìíràn láìlè sọ̀rọ̀, kí ẹni tó ń wá orúkọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́nà kejì. Kọ̀ǹpútà á ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó ní àwọn tó ń ṣètò ní ibi iṣẹ́ òun kò tíì ro irú orúkọ báyìí rí, kì í ṣe ìkà ni wọ́n fi ṣe, kò sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ láàárín wọn ni.

Ó sọ ọ́ níbi ìpàdé, wọ́n sì fún un láyè láti tún un ṣe. Ojútùú rẹ̀ kò le lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n: Unicode ní ìlànà kan tó ń sọ gbogbo ọ̀nà ìkọ̀wé wọ̀nyẹn di ẹyọ kan kí wọ́n tó fi orúkọ wé orúkọ. Ohun tó le ni wíwá gbogbo ibi tí orúkọ ń gbà wọlé nínú ètò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ fún ọdún púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló fi ń wá wọn. Mo rí i lóru ní fèrèsé yẹn, ètè rẹ̀ ń mì.

Àwọn tó ń kọ kóòdù kì í gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Wọ́n máa ń kọ ìdánwò mọ́ iṣẹ́ wọn, àpẹẹrẹ orúkọ tí kọ̀ǹpútà yóò máa fi yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹnjiníà kó orúkọ oríṣiríṣi síbẹ̀, ti Yorùbá, ti Vietnam, ti Jámánì. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló fi ṣe èkíní. Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá fọwọ́ kan kóòdù náà, ì báà jẹ́ ní Amẹ́ríkà, ì báà jẹ́ lóru, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ kọ orúkọ bàbá Ìkijà yìí ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á wò ó bóyá ó pé. Bí kò bá pé, iṣẹ́ á dúró. Wọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà. Nígbà tó sọ èyí fún mi, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ, mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìyá rẹ̀ ṣì wà ní Ìkijà. Ó kọ̀ láti kó wá sí Ọbáńtoko. Ó ní ta ni yóò máa dá àwọn tó bá wá kí bàbá lóhùn. Ó ní kí fóònù olóògbé máa wà ní títàn, ọmọ rẹ̀ sì ń fi owó sí i lóṣooṣù. Àwọn èèyàn ṣì ń pè é nígbà mìíràn, àwọn ọ̀rẹ́ rélùwéè tí kò gbọ́. Màmá á gbé e, á sọ fún wọn, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn ní kíkún, ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́. Tí Ẹnjiníà bá lọ kí i ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè, á fi orúkọ oríkì pè é láti inú ilé kó tó rí ojú rẹ̀, á gbé làfún àti ewédú síwájú rẹ̀, á sì jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Fóònù rẹ̀ a máa dún nínú àpò nígbà yẹn. Kì í yọ ọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni ti bọ́ọ̀lù. Pápá ilé ìwé kan ni àwọn ọkùnrin àdúgbò ń lò láti aago méje àárọ̀, ilẹ̀ pupa ni, kòkó àpáta yọ lápá kan, gbogbo wa sì mọ̀ pé kí a má ṣubú síbẹ̀. Wọ́n fi òkúta méjì méjì ṣe ojú ilé. Mẹ́káníìkì wà níbẹ̀, olùkọ́, àgbẹ̀ adìẹ, ọ̀gá báńkì kan tí ikùn rẹ̀ kò jẹ́ kó sáré. Èmi ti dàgbà ju ẹni tó ń sáré lọ, ẹ̀bá pápá ni mò ń jókòó. Ẹ̀yìn lápá òsì ni Ẹnjiníà ń gbá. Kò ní agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dé ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ó ń pariwo níbẹ̀. Ẹni tí mo mọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kì í pariwo. Ní pápá, á ké mọ́ mẹ́káníìkì, á bá olùkọ́ jiyàn lórí fáùlù, á fi ọwọ́ lu ilẹ̀. Ọdún tí bàbá rẹ̀ kú, ó ń fọwọ́ líle gbá bọ́ọ̀lù débi pé a ní láti bá a sọ̀rọ̀. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá báńkì tó gbá lẹ́sẹ̀, ó mú un lọ sílé, ó fún un lómi dídì láti fi tẹ̀ ẹ́.

Ní May 2025, Ìpínlẹ̀ Ògùn gba àlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè, Gateway Games, láti ọjọ́ kẹrìndínlógún títí di ọgbọ̀n oṣù náà. Kútọ̀ kún. Àwọn ọmọ láti ìpínlẹ̀ tí a kì í sábà rí ní Abẹ́òkúta ń rìn ní Pańṣẹ́kẹ́ pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ lọ́rùn, wọ́n ń ra àdìrẹ, ìyàwó Ẹnjiníà sì tà dáadáa ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Ẹnjiníà kó àwọn ọmọ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ lọ wo eré sísá. Màmá kò wọ pápá náà rí ní gbogbo ọdún tí ọkọ rẹ̀ fi ń lọ. Ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè ibi tí bàbá máa ń jókòó, wọ́n sì fi í hàn án.

Sátidé tó tẹ̀ lé ìparí ìdíje náà, May 31, a ti ti pápá dé, a ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì lọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́wà nígbà tí ìròyìn dé. Ọkọ̀ tó gbé àwọn eléré ìdárayá Kano padà sílé láti ọ̀dọ̀ wa ti ní jàǹbá, nígbà tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé tán. Àwọn tó kú lé ní 20. Àwọn kan ní pẹ̀lẹ́ ni, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọ̀nà Nàìjíríà. Ẹnjiníà gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń bọ̀.” Ó tún un sọ. Nígbà náà ni ẹkún tí mi ò rí ní gbogbo ọdún tó kọjá wá, níwájú gbogbo wa, pẹ̀lú bùútù rẹ̀ lọ́wọ́. Mẹ́káníìkì ló kọ́kọ́ dìde lọ jókòó tì í. Kò sí ẹni tó ní kó dákẹ́.

Òkúta orí ibojì bàbá Ẹnjiníà ló kù tí wọn kò tíì ṣe. Nígbà tó di June, òun àti ìyá rẹ̀ ní kí n bá àwọn lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ mábù. Ó ti kọ orúkọ náà sórí ìwé gàdàgbà, ó fi bíírò pupa sí gbogbo àmì rẹ̀, tìsàlẹ̀ àti tòkè. Oníṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, “Ọ̀gá, àmì yìí máa gba àkókò o. Ọwọ́ ni mo fi ń gbẹ́ ẹ, irin tín-ín-rín ni.”

“Mélòó lẹ máa gbà?”

Wọ́n dúnàá dúrà. Màmá ló bá a ná an, ó sì já a lulẹ̀ dáadáa. Oníṣẹ́ ní kí wọ́n wá wo ìlà tí òun bá fà ní Tọ́sìdeè, aago mẹ́ta, kí òun tó fi irin sí i.

“Mo ní ìpàdé ní aago mẹ́ta,” ni Ẹnjiníà wí.

“Máa lọ síbi ìpàdé rẹ,” ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó tì í bọ inú àpò. “Kọ́ mi ní bí mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó pé.”

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níbẹ̀, lórí ìdúró, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì.